Àwo Orin tó Sin Antoinette

                                                            Ìsọ̀ Sẹ̀ríyà Oníkásẹ́ẹ̀tì,
                                                            Ìdí Ọjà,
                                                            Atakpamé, Togo.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Àwẹ̀ní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Dúpẹ́,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ara ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé eyín tó ń dà á láàmú ti jẹ́ kó máa jẹun, àbí ẹ ṣì ń po ògì fún un bí ọmọ ọwọ́? Dúpẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé yóò ti ga jù ọ́ lọ báyìí, kò sì ṣòro láti ga jù ọ́ lọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará Ìnísà wà? Tèmi náà kò burú. Ẹsẹ̀ òsì mi ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá ṣú, Sùnmọ́nù ọkọ mi ṣì ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń gun òkè, ọjà sì ń tà. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọjà ń tà gan-an, ohun tó sì mú un tà ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Wọ́n ní ẹ ti ti bodè yín pa láti oṣù Kẹrin. Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí lé Múítì onífàyàwọ́ epo lọ́wọ́, ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Tó bá dé ọwọ́ rẹ pẹ̀lú epo lára, má bínú.

Lóṣù Kejì, o kọ ìwé sí mi láti bá mi kẹ́dùn ikú Antoinette ọ̀rẹ́ wa. Mo rí i gbà, mi ò sì fèsì. O ti ní láti máa sọ pé Sẹ̀ríyà ti lówó, ó ti gbàgbé ẹni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé, orí àpótí tí o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí ò ń lọ sílé ni Antoinette jókòó sí, tó ń jẹ ẹ̀wà mi láìtọrọ. Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kéré tó bá ń bu dùndún fún ọmọ ọlọ́mọ, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi há a lọ́fun, ó ní òun kò mọ̀ pé òun dára tó báyìí àfìgbà tí òun kú.

Ó dára, ó ti wá kú báyìí. Ti òótọ́ ni ti eléyìí. Má ké, o ti ké tẹ́lẹ̀.

Orin ọmọ rẹ̀ lo gbọ́ tí o fi rò pé ó kú, kì í sì í ṣe ìwọ nìkan. O rántí Eugène, àbí o ò rántí? Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un lẹ́yìn tó ti sin mẹ́ta, èyí tó máa ń pọ̀n kiri àdúgbò Agbonou títí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń wọ́ nílẹ̀, tí àwa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀, kí ọmọ náà pọ̀n ìyá. Àdúà kan ni obìnrin yẹn ń gbà láti ìgbà tó ti sin ẹ̀kẹta, o mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: kí èyí tó kù yìí sin òun. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwa máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ òwe ni, ṣùgbọ́n Antoinette ń sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ń pa.

Ìdí agbada epo gbígbóná ni Eugène dàgbà sí, lẹ́bàá títì Agbonou, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dín iṣu fún àwọn èrò ọkọ̀. Owó dùndún ló ra gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lọ sí Lomé, irun orí rẹ̀ kún bí ti wèrè ọjà, ó wọ ṣòkòtò awọ nínú ooru yìí, ó ní orúkọ òun ni Àrá, rọ́ọ̀kì sì ni òun ń kọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ rọ́ọ̀kì náà, mo bi Antoinette bóyá ẹnì kan ló tẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ méjì. Ọmọ náà ṣe àwo kékeré méjì tí ẹnikẹ́ni kò rà, èmi gan-an ń fi ọ̀kan bo ìkòkò omi.

Kó tó ṣe àwo ńlá tó sọ ọ́ di ènìyàn yìí, ó wá sí Agbonou lákòókò iṣu tuntun lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ní orin kan tó dùn, àmọ́ orin náà kò lè gún àfi kí ìyá òun kú nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Antoinette kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú epo.

“Kọ ọ́,” ló wí. “Ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́, ó máa ń pẹ́ láyé ni.”

Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ, gbogbo wa la sì gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó ní kí ọmọ náà pa òun lẹ́ẹ̀mejì, kó lè rí àwọn ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Orin tó fi sin àwọn mẹ́ta tó kú, ó fi kọ́ Eugène, ó sì yí i padà fúnra rẹ̀ kó lè bá ìyá mu: Ẹni tó pọ̀n mí, ilẹ̀ ló pọ̀n ọ́n lónìí. Wọ́n mú un lọ sí situdíò ní Lomé pé kó wá gbè é. Ó padà dé, ọ̀rọ̀ òkun àti ti yàrá tí wọ́n fi aṣọ bo ògiri rẹ̀ ló kún ẹnu rẹ̀ fún odindi oṣù kan. Nítorí náà, tí o bá tún gbọ́ orin yẹn, ohùn obìnrin àgbà tó ń gbè lẹ́yìn, òkú náà fúnra rẹ̀ ni.

Àwo náà jáde ṣáájú Kérésìmesì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gun orí gbogbo àwo tí rédíò ń tò lẹ́sẹẹsẹ ní Sátidé, kò sì sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Àwọn tó ti ń kọrin kí wọ́n tó bí Eugène, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń wò ó lókè. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ariwo ni mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹwàá ń pa àgbà lẹ́kún. Èdè Ifẹ̀ tàwọn ará ibí ló fi kọ ọ́, èyí tó bá Yorùbá wa tan bí ìbátan tí a kì í fẹ́ kó wá kí wa, síbẹ̀ àwọn ẹ̀yà Ewé tí kò gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀ ń sunkún. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta ìsọ̀ mi, mo sì ń tà á bí ẹni ń ta iyọ̀. Àwọn ará Lomé, Cotonou, títí dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà àti wàrà alágolo ránṣẹ́ sí Agbonou pé kí wọ́n fi tu ẹbí nínú. Èmi àti Antoinette jọ po ṣúgà òkú rẹ̀ mọ́ ògì ni. Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ ẹrù kan ra dùndún lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún ikú ìyá Àrá bó ṣe ń jẹ ẹ́. Antoinette fi ènì sí i fún un, ó ní kó má sunkún mọ́, ìyá náà wà ní ìsinmi.

A gbádùn ara wa. Kí n má parọ́.

Lóṣù Kẹta ni ọ̀gá tó ni àwo náà wá láti Lomé. Philippe ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ. Eugène ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Philippe ní àwọn tó fẹ́ràn orin náà fẹ́ wá wo ibojì ìyá, àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, kò sì sí ibojì. Láàárín ọjọ́ méjì wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì mọ ọ̀kan sẹ́yìn ilé Antoinette, níbi tó máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n gbé àgbélébùú lé e, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó kú lọ́dún 1979, nítorí orin sọ pé Àrá kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tó di aláìníyàá. Antoinette ló ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà.

Ibojì nìkan kò tó wọn. Philippe ní òkú kò gbọdọ̀ máa dín dùndún lẹ́bàá títì. Ó ní kó lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Moretan, kó máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Àrá níbẹ̀, títí ariwo àwo yóò fi rọlẹ̀. Antoinette wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni ìyá wí. “Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí mo bá kú ní tòótọ́, ṣé ìwọ lo máa sin mí?”

Eugène rẹ́rìn-ín. “Ìyá, mo ti kọ́ ibojì ná. Kí ló tún kù?”

Gbogbo wa la bú sẹ́rìn-ín, èmi náà pẹ̀lú. O mọ̀ mí, mi kì í jẹ́ kí ẹ̀rín kọjá mi. Antoinette nìkan ni kò rín.

Má bi mí bóyá àwọn ará Agbonou kò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, wọ́n sì pa ẹnu dé. Bọ́ọ̀sì ń kó àlejò wá wo ibojì, àlejò sì máa ń jẹun. Lucie, tí agbada tirẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Antoinette fún ọdún mọ́kànlá, kó sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó lọ, ó ń sọ fún àlejò pé bí olóògbé ṣe máa ń dín in gan-an nìyí. Nígbà tí Antoinette yọ́ wálé wá mú ìkòkò kan tó gbàgbé, ó fẹ́ ra ata, ọmọ tó ń ta á kò gba owó rẹ̀. Ó ní òun kì í gba owó òkú. Ó ń ṣeré ni o. Gbogbo wọn ń ṣeré ni.

Mo lọ wò ó ní Moretan lọ́jọ́ ọjà wọn, mo sì gbé kásẹ́ẹ̀tì dání, kí ìrìn mi má baà já sí òfo. Ó ti rù. Ó ní àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń wá bá òun kẹ́dùn ikú àbúrò òun, òun sì máa ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń sunkún lóòótọ́, torí ọ̀rọ̀ tó dára ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí ọmọ òun rán mi. Eugène kò rán mi ní nǹkan kan, mi ò tilẹ̀ fojú kàn án. Mo ní ó ní kí n kí i. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun irọ́, ó ń wo ẹnu mi, mo sì rí i pé ó mọ̀.

Lóṣù Keje, Àrá wá ṣeré ní pápá bọ́ọ̀lù níbí lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni Antoinette sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Moretan níwájú ilé mi, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo ní kó má lọ. Ó ní orin òun ni òun fẹ́ lọ gbọ́, ṣé òun kò ní ìpín níbẹ̀ ni. Mo mú un lọ. Nígbà tó kan orin náà, Àrá dá gìtá dúró, ó ní kí gbogbo èrò dìde kí wọ́n dákẹ́ fún ìyá òun tó wà nínú ilẹ̀. Gbogbo èrò dìde. Antoinette náà dìde, ó dorí kodò bí àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin, mo gbọ́ tó ń gbè é lábẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Eré parí, ó gba ibi ọkọ̀ Eugène lọ, mo tẹ̀lé e pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì lórí. Àwọn ọmọbìnrin yí Eugène ká, Philippe wà níbẹ̀, oníwèé ìròyìn kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Antoinette na ọwọ́, ó fi kan ọmọ rẹ̀ lápá. Oníwèé ìròyìn béèrè ẹni tí màmá yìí jẹ́. Eugène wo Philippe, ó wo ìyá rẹ̀.

“Ẹ fún màmá yìí lówó ọkọ̀,” ló wí. “Ó máa ń dín dùndún fún wa nígbà kan rí.”

Antoinette gba owó náà ní ọwọ́ méjèèjì.

“Mèsí, patúrọ́n,” ló wí, bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá ra dùndún rẹ̀.

Oníwèé ìròyìn kò tíì yó, ó kọjú sí mi, ó bi mí bóyá mo mọ obìnrin náà. Àwẹ̀ní, apẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì wà lórí mi, àwọn ọmọbìnrin yẹn kò sì tíì rà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Antoinette gbọ́. Ó sùn sílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ oúnjẹ mi, ó dúpẹ́, kò sì mẹ́nu bà á. Ì bá ti bú mi, inú mi ì bá dùn. Ìwọ bú mi tó bá wù ọ́, ó tọ́ sí mi.

Kò lo oṣù kan mọ́ lẹ́yìn náà. Ibà ni wọ́n pè é ní Moretan, èmi náà sì pè é ní ibà, torí mi ò fẹ́ pè é ní orúkọ mìíràn. Ó kú lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta. Ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo ló gbé e wá sí Agbonou. A ránṣẹ́ sí Eugène ní Abidjan níbi tó ti ń ṣeré. Philippe ló fèsì. Ó ní kí a bá wọn sin ẹ̀gbọ́n ìyá Àrá tìyìn-tẹ̀yẹ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sí rédíò, torí ẹnì kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, òkú tí wọn kò bá pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, òkú aláìlẹ́nìkan ni. Ó ní Àrá kò ní lè wá. Ọmọ tó ti sunkún ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ojú wo ni yóò fi wá sun ẹkún òkú ẹlòmíràn?

Àwa márùn-ún la sin ín. Lucie ránṣẹ́ pé òun ti kẹ́dùn lọ́dún tó kọjá, àti pé èrò ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ignace, olùkọ́ ìjọ Àgùdà tó ti ń gbàdúrà fún àlejò lẹ́bàá sìmẹ́ńtì yẹn láti oṣù Kẹta, kò mọ orúkọ tí òun yóò pè, ló bá gbàdúrà láìpe orúkọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn tó gbẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má fọ́ sìmẹ́ńtì, torí fọ́tò rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wọlé bí ihò òkété, wọ́n sì tì í wọ abẹ́ orúkọ ara rẹ̀, lábẹ́ 1979. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi dín dùndún lẹ́yìn tó kú.

Kí wọ́n tó rọ́ yẹ̀pẹ̀ padà, a dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tó yẹ obìnrin yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ tán fún sìmẹ́ńtì nígbà tó wà láàyè. Ìwé rẹ wà nínú pọ́ọ̀sì mi láti oṣù Kejì. Mo yọ ọ́, mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí o ti béèrè ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí o ní ọwọ́ rẹ̀ kì í kéré tó bá ń bu dùndún fún ọmọ ọlọ́mọ, mo tún un kà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta, torí iye ìgbà tó fẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ní láti yí padà. Lẹ́yìn náà mo ká a, mo sì fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Philippe wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní Àrá fẹ́ ṣe àwo ńlá kejì, ṣé ẹ̀gbọ́n ìyá Àrá kò fi orin mìíràn sílẹ̀. Mo ní ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un: Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó ní kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, ó ní ó dára, yóò dùn-ún jó sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Tó bá di Kérésìmesì, ìwọ náà yóò gbọ́ ọ ní Ìnísà. Lánàá, Sátidé, rédíò ní àwo àkọ́kọ́ náà tún ti padà sí ipò kìíní. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Mo tà títí apẹ̀rẹ̀ fi ṣófo.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó lọ yọ eyín náà. Kí Dúpẹ́ fún mi, kó má fọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó bá gbọ́ ìtàn yìí, ohùn Antoinette wà níbẹ̀, kò sì sí níbòmíràn. Sùnmọ́nù ní kí n kí gbogbo yín. Fún Múítì ní oúnjẹ kí o tó jẹ́ kó lọ.

Má sì kọ ìwé ìbánikẹ́dùn mìíràn sí mi. Èyí tó kọ́kọ́ dé ti tó, Antoinette sì gbọ́ ọ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́rọ̀.

                                                            Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, tí o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,
                                                            Sẹ̀ríyà.